Kíndìnrín Tí O Ṣèlérí

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. A ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe.

Ṣé o rántí àlàyé nọ́ọ̀sì pé kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ìtọ̀? Nígbà tí tèmi daṣẹ́ sílẹ̀, ìwọ lo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, màá fún yín ní ọ̀kan." Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti gbọ́ pé o ti wọ bàálù lọ. Ká ní o sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni, ǹ bá gbà.

Àbíkẹ́yìn wa tó ń ránṣọ ló fún mi ní tiẹ̀. Mo ti ń tọ̀ dáadáa.

Ọlọ́run á ṣọ́ ilé rẹ. Má fowó ránṣẹ́. Àbíkẹ́yìn wa ni kó o pè. Èmi ṣì ń bínú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ