Má Pè Mí Ní Bọ̀ọ̀dá Lórí Pápá

Màmá mi ní Ìkàrẹ́,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ní Agbowó níbí, ọpẹ́ ló yẹ wá. Ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù tí mo fi ọmọbìnrin mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tún gba ife-ẹ̀yẹ, ẹlẹ́ẹ̀kẹta léraléra! Ọ̀gá àgbà fúnra wọn bọ̀ mí lọ́wọ́.

Àbúrò mi Ọmọ́fẹ́ ló gbá èyí tó parí eré. Ẹ mọ òfin mi: nílé, bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ni mí, lórí pápá, Kóòṣì ni. Nígbà tó kù díẹ̀, ó tiro wá bá mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, orúnkún mi." Mo ní, "Ta ni bọ̀ọ̀dá rẹ níbí? Padà síbẹ̀!" Ó padà, ó fò, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Mi ò rí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe balẹ̀; ariwo ayọ̀ ti pọ̀ jù.

Ara rẹ̀ ń yá o. Òrí tí ẹ fi ránṣẹ́ la fi ń wọ́ orúnkún rẹ̀. Tí ẹ bá wá lọ́jọ́ Àjíǹde tí kò kúnlẹ̀ kí yín, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àfojúdi.

Mo gbé oúnjẹ lọ bá a ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé níbí láàárọ̀ yìí, mo ní mo fẹ́ kọ̀wé sí yín. Ó ní, "Ẹ ṣé, Kóòṣì. Ẹ bá mi kí Màmá."

Ọmọ yín,
Akíndúró