Ojú Ẹni tó Dùbúlẹ̀

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí yín dáadáa, kí n bi yín bóyá ara tù yín níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn ráyè ìkíni. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ-ọmọ yín, ti wọṣẹ́ ológun. Lọ́jọ́ Ajé ni yóò lọ. Wọn yóò kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn, lẹ́yìn náà wọn yóò rán an lọ síbi tó bá wù wọ́n.

Mo bínú sí yín díẹ̀, kí n má purọ́. Ta ló fi ogun han ọmọ yìí bí kò ṣe ẹ̀yin? Láti kékeré ló ti ń jókòó ti ẹsẹ̀ yín nínú yàrá tó kọjú sí odò, tí ẹ ń ya àwòrán ogun Kírìjì, tí òórùn ọ̀dà ń kún gbogbo ilé wa ní Co-op City, nílùú òyìnbó níbí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo kàtúùnù, òun ń bi yín ìdí tí Ìbàdàn àti Èkìtì fi ń yìnbọn síra wọn.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń yọ àwọn aládùúgbò lẹ́nu? Ẹ ò jẹ́ ya jagunjagun kan láìrí ẹni tó máa dúró fún un. Alhaji tó ń wa bọ́ọ̀sì, ẹ gbé igi mọ́ọ̀pù lé e lọ́wọ́ pé kó dì í mú bí ìbọn ṣakabùlà. Màmá kan tó jẹ́ díákónẹ́sì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ ní kí wọ́n sáré gun àtẹ̀gùn kí ẹ lè rí ojú ẹni tó ń sá fógun. Màmá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì ń yà á lọ. Ẹsẹ̀ lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ gbà pé ẹnu lè purọ́ pé òun láyà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò lè purọ́. Ojú ló máa ń gbẹ̀yìn.

Àmọ́ ẹ ò jẹ́ fi ojú alààyè kankan fún òkú. Tó bá ti kan àwọn tó ṣubú, ẹ máa gbé dígí síwájú, ẹ máa ya ojú ara yín. Ẹ lè kọ àbàjà fún èyí, kí ẹ kọ pélé fún ìyẹn, kí ẹ fi irùngbọ̀n kún un, ẹ̀yin náà ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń sá fún àwọn àwòrán yẹn, torí pé bàbá mi ló kú káàkiri inú wọn. Ẹ ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí. Ṣé nítorí ogun Bìàfúrà tí ẹ jà nígbà ọ̀dọ́ yín ni, èyí tí ẹ ò yà rí? Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ yín tí wọn ò bá yín padà wálé lẹ ń lọ dùbúlẹ̀ tì?

Àwòrán tí ẹ yà kẹ́yìn ṣì wà lára ògiri. Mọ́rẹ́nikẹ́ lẹ fi síwájú ogun, pẹ̀lú ẹ̀wù ọdẹ lọ́rùn, ojú rẹ̀ gan-an. Ẹnìkan dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ti ya ẹsẹ̀ onítọ̀hún, ẹ ti ya ọwọ́. Ẹ ò tíì gbé dígí tí àìsàn fi dá yín wólẹ̀, tí ẹ sì lọ sọ́run. Òkú náà kò ní ojú.

Dádì, mi ò lè wo àlàfo yẹn mọ́. Mo fi ìró bò ó, ìró já bọ́, mo sì pariwo bí ọmọdé. Ó ń ṣe mí bíi pé òkú náà ń wá ojú tí yóò gbà, ti ọmọ mi ló sì sún mọ́ ọn jù. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, èmi ọmọ ìjọ tó ń bẹ̀rù àwòrán. Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀, àyà mi ṣì ń já. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Èmi ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, kò kàn sí ibi tí mo lè gbé ọmọ mi sá sí ni.

Lánàá, ó ń di báàgì rẹ̀, ó ń kọrin. Ó rí ojú mi. “Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, I'll be fine.” Mo ṣe bí ẹni tó gbà.

Nígbà tó jáde lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo tú àwọn búrọ́ọ̀ṣì yín. Mo yọ dígí ilé ìwẹ̀, mo gbé e ti àga. Mo po ọ̀dà bí ẹ ṣe ń pò ó. Mo ya ojú ara mi sí àlàfo yẹn. Imú wọ́, etí kan tóbi ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ mí yóò mọ̀ pé èmi ni. Ẹ má bínú pé mo fọwọ́ kan iṣẹ́ yín. Àyè yẹn ti ní ẹni tó ni ín báyìí.

Mọ́rẹ́nikẹ́ wọlé, ó dúró níwájú àwòrán. Òun náà mọ ìṣe yín. Ó wò ó, ó wò mí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ẹ bá mi ṣọ́ ọ, Dádì.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó dùbúlẹ̀ sípò yín.