Dísìkì Tuntun Tó Ń Dún Bíi Tiwa

Bàbá Lucienne, mo ti lọ sóko Kpingni. Iṣu wà nínú ìkòkò. Kí ẹ tó jẹun, ẹ gbọ́ dísìkì tí mo rà ní Paouignan lánàá. Orin tí ẹ kọ tí wọ́n fi ṣe dísìkì ló wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, kò ha níbì kankan. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo gbọ́ tó dún "pá" níbi tí dísìkì tiwa àtijọ́ ti ń dún "pá", níbi tí abẹ́rẹ́ ti ha á lọ́jọ́ ìrìbọmi Lucienne, tí ẹ ń jó tí ẹ fìdí gbá giramafóònù. Mo tún un gbọ́, ó tún dún.

Ayédèrú ni. Ara tiwa ni wọ́n ti dà á kọ, Mathieu àbúrò yín nìkan ló sì yá tiwa rí. Ó ń bọ̀ lónìí. Ẹ fún un níṣu, kí ẹ sì fi dísìkì tuntun náà sórí giramafóònù. Ẹ má sọ nǹkan kan; ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò nígbà tó bá dún "pá".