Téèpù tí Ìgbìmọ̀ Kò Lè Fún Mi

Bàbá mi tó fi mí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ìtàn,

Ẹ kú ìsinmi o. Wọ́n ti yí owó padà, náírà la ń ná báyìí, ṣílè ti lọ. Táyé pẹ̀lú Kẹ́yìndé wà n'Íbàdàn. Èmi tí ẹ bí lé wọn nìkan ló kù n'Ígbó-Ọrà. Ara mi yá, àmọ́ inú ń bí mi, ẹ̀yin gan-an lẹ sì ṣẹ̀ mí.

Mò ń jowú, Bàbá. Tíṣà ará Ẹrúwà yẹn ni mò ń jowú. Ṣé ẹ rántí bó ṣe máa ń gbé rẹkọ́dà wá nírọ̀lẹ́? Ẹ ó jókòó lábẹ́ igi ọsàn, ẹ ó máa sọ ìtàn ìlú fún un, téèpù á máa yí. Èmi á máa bó ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ògiri. Bí mo bá sún mọ́ yín, ẹ ó ní kí n lọ wo iná. Ṣé torí pé n ó relé ọkọ ni? Mo relé ọkọ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí àìsàn dé, ta ló padà wá ń wẹ̀ yín? Ẹran ìgbẹ́ tí ẹ máa ń bù fún un, ìgbà wo lẹ bu irú rẹ̀ fún mi rí?

Lẹ́yìn tí ẹ papò dà, ó kó gbogbo téèpù náà fún Ẹgbẹ́ Ìtàn Ìlú. Nígbà tí mo gbọ́, mo wé gèlè, mo lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ náà nípàdé. Mo ní kí wọ́n kó ohùn bàbá mi fún mi kí n máa lọ. Alága wọn, hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì, fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní àwọn lágbára láti gba ohun ìtàn, láti tọ́jú rẹ̀, láti ṣí i fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn ò lágbára láti tà á, láti fi tọrẹ, tàbí láti yá ẹnikẹ́ni lọ sílé. Mo ní irú òfin játijàti wo nìyẹn. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní ẹ̀yin lẹ dá òfin náà lábàá nígbà tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀, lẹ́yìn tí ọmọ ìgbìmọ̀ kan gbé idà ogun àtijọ́ lọ fi ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tí idà ò sì padà mọ́. Bàbá, nígbà tí ẹ ń ṣòfin, ẹ ò wá ro tèmi mọ́ ọn?

Mo ní èmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni, ọmọ ni mí. Alága dáhùn:

“Bí a bá lágbára láti fún ọ, a lágbára láti fún ẹlòmíràn náà nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí pé òótọ́ ni. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé wọ́n ti fi tíṣà sípò yín nínú ìgbìmọ̀. Kò tilẹ̀ yọ̀ mí, ǹ bá rí ohun tí n ó fi bá a jà. Ṣe ló dìde kí n lè jókòó. Mo kọ̀, mo dúró gbagidi. Ẹ ṣáà mọ orí kunkun ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì.

Ohun tí agbára wọn tó, wọ́n ṣe é: wọ́n ní kí tíṣà tan téèpù náà kí n gbọ́ ọ níbẹ̀. Ohùn yín jáde, Bàbá, tikọ́tikọ́. Ẹ ń sọ nípa àwọn ọdẹ tó kọ́kọ́ pàgọ́ sétí odò. Nígbà tó yá, ẹ dánu dúró bí ìṣe yín, ẹ ò ní tẹ̀ síwájú láìgbọ́ èsì. Ẹ ní:

“Ọmọ mi, ṣé ò ń gbọ́?”

Ẹ pè é lọ́mọ yín! N ò mọ̀gbà tí mo lanu níwájú gbogbo ìgbìmọ̀:

“Mò ń gbọ́, Bàbá.”

Lẹ́yìn tí mo dáhùn ni ohùn tíṣà tó wà nínú téèpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ní “hẹ̀ẹ́n”, tí ẹ sì ń bá ìtàn yín lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ń ṣí téèpù fún ará ìlú, mo ti dé, mo sì ń ṣáájú ohùn tíṣà dá yín lóhùn.

Èmi ni,
Ọmọ bíbí yín.