Ọkọ Mi Tó Wà ní Kíláàsì Mi

Fìdítì,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà, 1977.

Mobọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ títí dé Kàdúná. Mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ tuntun tí n kò tíì fojú rí. Mo ní ìrètí pé ara gbogbo yín le, pé omi ọmú ń jáde dáadáa, pé ọmọ náà sì ń jẹ́ kí o sùn díẹ̀. Bí o bá béèrè mi, mò ń jẹ, mò ń mu, kò sí ibi tó ń dùn mí. Ọkàn mi nìkan ni kò sí nípò. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àyà mi ti ń já. Bí ajá bá gbó ní ìta báyìí, màá rò pé àwọn tó fẹ́ wá sọ fún mi pé mo ti fìdí rẹmi ni wọ́n dé.

O bi mí nínú ìwé rẹ pé báwo ni èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, tí mo sì búra lójú rẹ pé n kò ní ṣe iṣẹ́ bàbá mi láéláé, ṣe wá di tíṣà. Ọ̀rẹ́ mi, kò sí iṣẹ́ ewéko kankan ní Fìdítì níbí àfi kéèyàn gbé ọkọ́ kó máa ro oko. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tó wà létí títì ló ń wá tíṣà bayọ́lọ́jì lójú méjèèjì, wọ́n sì gbà mí. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tíṣà ni n kò ní. O mọ bàbá mi, Tíṣà Amos ti Ìlọrà, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n ní tíṣà tí kò ní ìwé àṣẹ, awakọ̀ tí kò ní láísẹ́ǹsì ni: bó pẹ́ bó yá, ọlọ́pàá á dá a dúró.

Ni mo bá wọ ẹ̀kọ́ kíákíá kan tí wọ́n ṣètò ní Ìbàdàn fún irú wa, àwa tí a ti gboyè nínú nǹkan mìíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀, à ń kọ́ ọmọ. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ọlidé, wọ́n ń kọ́ àwa náà. Ohun tí àwọn mìíràn fi ọdún púpọ̀ kọ́, ọdún kan péré la fi ń gbé e mì. Àwọn àgbà tíṣà ibi iṣẹ́ wa sọ wá ní tíṣà wàràwàrà. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu lásán ni, nítorí ìdánwò tó kẹ́yìn kì í ṣe ti orí ìwé. Ẹnì kan á wá láti ìta, á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á máa wò ọ́ bí o ti ń kọ́ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá kùnà, kò sí àtúnṣe, ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà á á sì ní kó máa lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Ìwọ tí o lọ ń ṣe ìyàwó ní ìlú òkèèrè, tí ìyá ọkọ rẹ kò sí nítòsí, o lè ti gbàgbé bí wọ́n ti tọ́ wa. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, bí wọ́n bá ti bí i kí o tó wọlé, ọkọ rẹ ni. Ìwọ lo máa fún un ní orúkọ tí wàá máa pè é, o ò sì gbọdọ̀ fi ẹnu lásán bá a sọ̀rọ̀. Àbúrò ọkọ mi tó kéré jù, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ara rẹ̀ dúdú ó sì ń dán, èmi ni mo sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé mi wọlé. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò fẹ́ jẹ́ orúkọ mìíràn mọ́. Dúdúyẹmí yìí wà ní kíláàsì mi, ní Fọ́ọ̀mù Tú. Má bi mí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, nítorí bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ọwọ́ mi kọ̀, kò tíì fẹ́ kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé wàá ní, kí ló tún kù, kí n ṣáà pè é kó tán níbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ti ìyálé mi fún ọ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àlàkẹ́ ni àwọn ará ilé ń pè wọ́n. Kí n tó dé ilé yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ wa, ọmọkùnrin kékeré tí ìyálé mi ń pè ní Eyínfúnjowó, sá lọ sí títì nígbà tí lọ́rì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìbàdàn. Ìyálé mi figbe ta. Wọn kò pè é ní Eyínfúnjowó o, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ gan-an ni wọ́n pè. Ọmọ náà dúró gbagidi létí títì, lọ́rì sì kọjá. Gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí ìyálé mi kúnlẹ̀ láàárín agbo ilé kí wọ́n tọrọ àforíjì fún orúkọ tí wọ́n pè. Wọ́n sì kúnlẹ̀. Mobọ́lá, bí ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ ikú bá kúnlẹ̀, kí ni wọn yóò ṣe fún èmi tí mo fẹ́ pe orúkọ nítorí ìwé àṣẹ?

Nítorí náà mo dá ọgbọ́n sí i. Mọ́nítọ̀ kíláàsì ló ń bá mi pe réjísítà láràárọ̀. Bí mo bá fẹ́ kí ọkọ mi dáhùn ìbéèrè, Dúdúyẹmí ni mò ń pè é, àwọn ọmọ yòókù náà sì gbà á lẹ́nu mi. Ní kíláàsì, òun ń pè mí ní Mà. Bí a bá délé, èmi ni màá kúnlẹ̀ kí i, òun á sì ní, "Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́." A ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ń lọ déédéé, títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga tó ń kọ́ wa ní Ìbàdàn ló kìlọ̀ fún wa pé ọkùnrin tó ń bọ̀ láti Èkó wá yẹ̀ wá wò kò gba gbẹ̀rẹ́. Tíṣà kan ti tàn án rí, ó lọ yá àwọn ọmọ tó mọ̀wé láti kíláàsì òkè, ó tò wọ́n sáàárín àwọn tirẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Láti ìgbà náà, réjísítà ni ọkùnrin yìí kọ́kọ́ ń gbà, á sì máa fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí tíṣà bá pè. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù lé mi lórí. Mo sọ fún ọkọ mi gan-an, ẹni tó gbé mi níyàwó, ẹ̀rín ló fi mí rín, ó ní kí n lọ bẹ ìyá òun. Ìyá ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyá ìjọ ni wọ́n, wọn kì í pariwo, àìpariwo wọn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù. Mo lọ dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, mo padà. Mo tún lọ, mo tún padà. Mo wá pinnu pé màá fo Dúdúyẹmí dá lọ́jọ́ náà, n kò ní bi í ní nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Ọkùnrin náà ga, ó wọ kóòtù nínú ooru, ó gba réjísítà lọ́wọ́ mi, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn. Bí irúgbìn ṣe ń hù ni mo kọ́ wọn. A ti gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì pẹ̀lú òwú tútù, a sì ti dojú àwọn kan dé. Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ara mi ń balẹ̀. Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tí gbòǹgbò ẹ̀wà ṣì yí padà sísàlẹ̀ nínú àwọn agolo tí a dojú wọn dé. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà lókè, o sì mọ ẹni tó ni ín. Mo wò yíká, mo tún wò yíká. Ọkùnrin náà gbójú sókè. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti pe Dúdúyẹmí.

Ó dáhùn bí ẹni pé òun ló kọ ìwé náà. Ó ní bí a tilẹ̀ fi irúgbìn sínú òkùnkùn, gbòǹgbò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Inú mi ti ń dùn nígbà tí ọkùnrin náà dìde pẹ̀lú réjísítà lọ́wọ́. Ó ní, "Mo wá Dúdúyẹmí nínú ìwé yìí, n kò rí i. Kíláàsì wo lo ti yá ọmọ yìí wá?" Àwọn ọmọ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbọ́wọ́ sókè. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má lanu, tíṣà ni òun bi. "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mobọ́lá, mo lanu. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n mi, kò ré kọjá eyín. Ńṣe ni mo ń rí ìyálé mi lórí eékún. Mo di tábìlì mú. Bí mo bá pè é, mo ti tàbùkù ilé ọkọ mi lójú gbogbo ìlú. Bí n kò bá pè é, olè ni mí, ọmọ ni mo jí wá fi ṣe ìdánwò. Ọkùnrin náà dé bírò rẹ̀, ó fẹ́ fi í sí àpò. Mo mọ̀ pé ó ti parí.

Dúdúyẹmí ṣì wà lórí ìdúró. Èmi ló kọjú sí, kò wo ọkùnrin náà rárá. Nínú kíláàsì tí wọ́n ti ka Yorùbá léèwọ̀, tí wọ́n ń na ọmọ tó bá sọ ọ́, ọkọ mi ọmọ ọdún mẹ́tàlá sọ ọ́ ketekete. Ó ní, "Ìyàwó wa, pè mí lórúkọ. Mo yọ̀ǹda."

Mo pè é. Mo ní, "Olúwafúnkẹ́." Ó ní, "Mà!" Ó sì jókòó.

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ọkọ rẹ nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ọkọ mi ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tún ṣí bírò rẹ̀, ó kọ nǹkan kan, ó pẹ́ tó ń kọ ọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kí n tó délé, ìròyìn ti ṣáájú mi. Ìyá ọkọ mi jẹ oúnjẹ tí mo sè, wọ́n sì lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n pe gbogbo wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò wò mí, ọmọ wọn ni wọ́n bi: "Ìwọ lo yọ̀ǹda?" Ó ní òun ni. "Ta ló rán ọ?" Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ohun tí ọkọ bá fún ìyàwó rẹ̀, n kò ní gbà á padà. Ṣùgbọ́n tìẹ nìkan nìyẹn o. Àwọn yòókù kò tíì sọ̀rọ̀." Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n pè é kí wọ́n gbọ́. Mo lanu, mo fẹ́ pe orúkọ náà, Dúdúyẹmí ló jáde. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi sì bú sẹ́kún.

Eyínfúnjowó wà níbẹ̀. Ó ti dàgbà báyìí, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́ ní Ọ̀yọ́. Ó rìn lọ bá ìyálé mi nídìí ààrò níbi tí wọ́n ti ń ro ẹ̀kọ, ó ní, "Ìyàwó wa, ìwọ náà, pè mí. Mo yọ̀ǹda." Ìyálé mi kò gbójú sókè. Wọ́n ń ro ẹ̀kọ wọn lọ. Wọ́n ní, "Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tó yẹ kí n pè yín ni mo pè yín." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Èsì kò tíì jáde. N kò mọ ohun tí ọkùnrin náà kọ. Bá mi gbàdúrà, ìwọ tí Ọlọ́run ń tètè dá lóhùn. Kí Ọlọ́run wo ọmọ yẹn fún ọ, kó rìn, kó sáré, kó má sáré dé títì. Kí ilé ọkọ rẹ tù ọ́ lára, kí a tún fojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ gbé yàrá kan, tí ẹ̀rù ṣì ń bà,
Hannah.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí pa, mo tún tú u. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga yà sí ilé-ẹ̀kọ́ wa nígbà tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí. Mo yege! Ọkùnrin Èkó náà ní kó sọ fún mi pé ìyá òun pàápàá wọ ilẹ̀ láìpe orúkọ àbúrò bàbá òun rí. Mo fò sókè, mo dì mọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìgbà náà ni ọ̀gá sọ pé Fọ́ọ̀mù Wọ́ọ̀nù ni wọ́n máa fún mi ní oṣù Kẹsàn-án. Mobọ́lá, ọkọ mi mẹ́rin láti agbo ilé wa ló ń bọ̀ níbẹ̀. Mo ti lọ bẹ èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ọmọ ọdún méjìlá. Ó fọwọ́ lérán, ó ní kí n ṣì máa lọ ná, òun á rò ó.