Kẹ̀kẹ́ Pupa Tí Mo Rà Láìfojú Rí

Àdúgbò Rus,
Shkodër,
Albania.
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Drande, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Vera ọmọ rẹ ńkọ́, àti ọkọ rẹ̀ ará Ítálì tó máa ń jẹun láìsọ̀rọ̀? Ṣé afẹ́fẹ́ Trieste ní Ítálì lọ́hùn-ún kò tíì gbé ọ lọ? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Mo ń sọ pé "àwa" bíi pé a pọ̀. Èmi àti ológbò ni. Kẹ̀kẹ́ rẹ ṣì wà níbi tí o gbé e kọ́ sí lára ògiri mi, mo sì ń nù ún ní gbogbo Sátidé bí o ṣe ní kí n máa ṣe.

Má bínú pé mi ò pè. Tí mo bá pè, Vera á dúró tì ọ́, á ní kí n sọ̀rọ̀ sókè, mi ò sì lè pariwo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ṣé o rántí kẹ̀kẹ́ Ṣáínà tí Zef, ọkọ mi, rà fún mi nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra? Ó kán lábẹ́ mi lọ́nà ọjà. Mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ Ndoc tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí afárá. Ó wò ó, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ìyá Mark, èyí ti fẹ̀yìn tì o. Ẹ jẹ́ ó sinmi." Mo ní kó bá mi wá òmíràn. Ó ní àwọn kẹ̀kẹ́ àlòkù tó ń bọ̀ láti Ítálì kò ní dé kí ọdún tó parí, kí n ṣe sùúrù. Sùúrù kẹ̀? Ọjọ́ Àwọn Òkú ti ń bọ̀, orúnkún mi kò sì lè gbé mi dé ibojì Zef. O kúkú mọ ìlú yìí: orí kẹ̀kẹ́ la ti ń kíra, orí ẹ̀ náà la ti ń ṣòfófó. Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ni mo ti ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọjá ní méjì méjì, tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo dá wà gan-an, Drande.

Ni mo bá gbé fóònù tí Mark ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Jámánì, mo bẹ̀rẹ̀ sí wo ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù. Mo rí ọ̀kan, pupa, apẹ̀rẹ̀ wà níwájú ẹ̀, wọ́n fi ti ògiri funfun. Ó wù mí. Mo pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan gbé e, ó ní Fatmir lòun ń jẹ́, ìlú Durrës lòun wà.

Ọkùnrin yìí mọ èèyàn kí! "Màmá, ṣé ẹ jí ire? Ṣé kò rẹ̀ yín? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara ilé ńkọ́?" Mo dá a lóhùn, èmi náà kí i, ó tún padà kí mi. Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó ní Pukë làwọn bàbá òun ti wá.

Mo ní, "Pukë kẹ̀? Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi!"

Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Ẹbí ni wá nìyẹn."

Ó bi mí léèrè ọkọ mi. Mo sọ bó ṣe kú fún un. Ó ní, "Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, màmá. Ẹ má máa dá sunkún o." Láti ìgbà tí o ti lọ, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè Zef.

Nígbà tí a fi máa parí ọ̀rọ̀, kọfí mi ti tutù, mo sì ti ra kẹ̀kẹ́. Mi ò béèrè bó ṣe ga tó. Mi ò béèrè taya, mi ò béèrè bíréèkì, mi ò ní kó ya fọ́tò abẹ́ ẹ̀ fún mi. Ọmọ Pukë tó kí mi tó báyẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wádìí ọjà lẹ́nu ẹ̀? Ojú tì mí. Mo fi owó rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì Durrës.

Orí bọ́ọ̀sì náà ni wọ́n so ó mọ́ wá. Bí awakọ̀ ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní, "Ìyá, ọmọọmọ yín lẹ rà á fún?" Kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni! Ẹni tó ya fọ́tò ẹ̀ kò fi nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí èèyàn lè fi wọ̀n ọ́n. Èmi kúkúrú yìí pàápàá, orúnkún mi ń gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀ mo rò pé kí n máa gùn ún bẹ́ẹ̀. Ndoc ló dá mi dúró. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà pupa náà, a sì rí ibi tí irin ti kán rí tí wọ́n jó o pọ̀. Ó tún ti ń là.

"Ta lẹ bá lọ rà á?"

"Èmi àti fóònù."

"Kí fóònù náà máa gbé yín kiri nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá gun nǹkan yìí sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, ẹ̀gbẹ́ ọkọ yín ni wọ́n máa tẹ́ yín sí."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí, mi ò mọ ìgbà tó di ẹkún. Ndoc yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wá irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo pe Fatmir, kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o: èébú kọ́ ni mo fẹ́ bù ú. Mo ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ.

Ọjọ́ Àwọn Òkú kọjá, mi ò lè lọ. Òdòdó funfun tí mo rà fún Zef wà nínú ìkòkò ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ń bomi rin ín.

Nígbà tí Ndoc bá mi ti pálapàla náà délé, ó rí tìẹ lára ògiri. "Ìyá Mark, èyí ńkọ́? Kò mà sí nǹkan tó ṣe é." Mo ní tìẹ ni, o ń bọ̀ wá gùn ún. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n fa ìjókòó ẹ̀ wálẹ̀ fún yín, ẹsẹ̀ yín ò lè tó o." Mo lé e jáde.

Drande, torí ìjókòó yẹn ni mo ṣe lọ ra ohun tí mi ò rí. Bí o ṣe gbé e ga fún ẹsẹ̀ gígùn rẹ náà ló ṣì wà. O ní o máa padà lẹ́yìn Àjíǹde, o tún ní ó di ìgbà ìkórè èso àjàrà. Ní báyìí, mo gbọ́ pé Vera ti ń wá ilé tó ní yàrá tìẹ.

Bá mi kí Vera, kí o kí ọkọ rẹ̀ náà, bí kò tiẹ̀ ní dáhùn. Ohun kan ṣoṣo ni kí o kọ sí mi, kí o fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́: ṣé kí n fa ìjókòó náà wálẹ̀?

Èmi tí mo ń retí èsì rẹ,
Lizë.