Ìpín Tiwa Lára Mọ́tò Rẹ

Ilé Adéyẹyè,
Ìyìn-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1978.

Akínbọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo Èkó, mo sì kí ọ kú àìgbúròó wa láti ìgbà Àjíǹde. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí búrẹ́dì náà ni o ṣì ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò gbin iṣu? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òjò ọdún yìí gbé òrùlé wa lọ kò ní jẹ́ kí ohunkóhun gbé ìwọ náà lọ. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, mi ò gbé e lọ bá tíṣà kankan, nítorí ẹ̀kọ́ àgbà tí mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì kúrò lórí mi, àti pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ará ìta ń bá ni kà. Bí mo bá ṣi ibì kan kọ, fi ọgbọ́n rẹ kà á.

Àlàáfíà la wà. Iṣu tuntun ti jáde, a sì ti yọ tìrẹ sọ́tọ̀, ó kù kí o wá gbé e. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ń tiro, ṣùgbọ́n òun ló burú jù nídìí iṣu. Orúnkún bàbá rẹ ṣì wà bó ṣe wà, kò lè dé oko mọ́, kò sì lè gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì, bùrọ̀dá kátíkíìsì ló ń wá gbàdúrà fún un nílé. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ dùn gan-an, ìwọ lo sì fà á, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́.

Ọpẹ́ ìpín tí o fún wa ni. Nígbà tí o gbé mọ́tò pupa rẹ wálé ní Àjíǹde, ojú kọ́kọ́ tì mí díẹ̀, nítorí ó kéré, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé adìyẹ tó bà lé ògiri ń wo àwọn tó wà nínú rẹ̀ láti òkè. Mo ní bóyá kò tíì dàgbà tán ni. Àfìgbà tí o tanná sí i tó bú ramúramù, tí gbogbo àdúgbò sá jáde, ni mo tó mọ̀ pé ọkọ̀ gidi ni. Láàárọ̀ Mọ́ńdè Àjíǹde, mo ti wẹ̀, mo ti wé gèlè, mo ti di gààrí mi, pé kí o gbé mi dé Adó, kí n sọ̀ ní gáréèjì Fájuyì lójú àwọn tó mọ̀ mí. Mo jáde, mo bá ọ lórí ìkúnlẹ̀, o ń fi sípánà tú ìjókòó ẹ̀yìn. O ní o fẹ́ kí mọ́tò náà fúyẹ́ ni, pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fi mọ́tò sá eré ìje l'Ékòó. O gbé ìjókòó náà wọ pálọ̀, o ní ká tọ́jú rẹ̀ dáadáa, o sì lọ. Èmi wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó láàárín ẹni tó gbé adìyẹ àti ẹni tó gbé epo. Kò dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ sáré kì í gbé ìyá rẹ̀ dání.

Bàbá rẹ ló wá là mí lójú nígbà tí mo dé. Mo bá a níbi tó ti ń wo ìjókòó náà, ó sì ní kí n fara balẹ̀, kí n ro ohun tí ọmọ yìí ṣe. Ó ní ọdẹ tó bá pa ẹran nínú ìdílé yìí, ìpín baba rẹ̀ á ti délé kí òun tó gbé ìkòkò kaná. Ó ní nígbà tí o gba owó oṣù rẹ àkọ́kọ́, ṣebí o gbé e wá, a fọwọ́ kàn án, a gbàdúrà sí i, a sì dá a padà fún ọ. Wàyí o, o ra mọ́tò. A kì í kun mọ́tò bí ẹran, a kì í pọ́n ọn sí ewé, ohun tó kù kí ọmọ tó gbọ́n ṣe ni kó tú díẹ̀ níbẹ̀. Ó tún ní kí n wo ibi tí o tú, pé dírẹ́bà ló ń jókòó níwájú, ọ̀gá ló ń jókòó lẹ́yìn, pé o mú iwájú tí í ṣe ti òṣìṣẹ́ fún ara rẹ, o gbé ẹ̀yìn tí í ṣe ti ọlá fún wa. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì dáná.

Kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kó tó ránṣẹ́ sí Olúgbádé káfíńtà, nítorí ìpín náà kò ní ẹsẹ̀. Olúgbádé fi igi ìrókò ṣe ẹsẹ̀ sí i, ó sì kan án mọ́lẹ̀ gbọin gbọin. Ihò méjì ni wọ́n gbẹ́ sí i fún ìdí, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìdí ọmọ ilé-ìwé lọ, mo ní bóyá àwọn òyìnbó tó ṣe é kì í jẹ iyán. Bàbá rẹ mú ọwọ́ ọ̀tún, àlejò ló ń mú òsì.

Akínbọ́lá, o kò mọ bí ilé yìí ṣe dákẹ́ tó kí ìjókòó yẹn tó dé. Ọkùnrin tí èrò kì í tán nílé rẹ̀, tí orúnkún dá jókòó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kí i láti ojú títì, wọ́n á kọjá. Ewúrẹ́ nìkan ló kù tó ń bá sọ̀rọ̀. Ní báyìí, wọ́n ń dúró de ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá kàn á wọlé, á jókòó lápá òsì, bàbá rẹ á béèrè pé ṣé ó ti tilẹ̀kùn dáadáa, wọ́n á sì juwọ́ sí mi pé àwọn ń lọ sí Ìgèdè. Wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á rí oko tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á bú ẹni tó ní ín pé kò roko. Bí wọ́n bá dìde, èmi náà á ní kí wọ́n kú ìrìn. Bàbá rẹ ní mọ́tò tòun kì í mu epo, kì í sì í ní jàǹbá.

Jàǹbá kan ṣoṣo tó tíì ní ni ti Bàbá Olúfúnṣọ́. Okùn pẹlẹbẹ tó wà lára ìjókòó náà, tó ní irin lẹ́nu, bàbá rẹ ní ohun tí wọ́n fi ń de àgbàlagbà ni, kí oorun má baà gbé e ṣubú. Ó de ara rẹ̀, ó de Bàbá Olúfúnṣọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ti Ìgèdè dé, ti bàbá rẹ tú, ti Bàbá Olúfúnṣọ́ kọ̀. A tẹ̀ ẹ́, a fà á, mo fi epo sí i. Ibẹ̀ ló ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ibẹ̀ ló ti jẹ tìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ wá wò ó, ó ní kí a má yọ ara wa lẹ́nu, pé láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ẹ, òun kò mọ ibi tó wà dájú bíi tòní. Olúgbádé ló padà fi ṣísẹ́lì dá a sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ló kù. Ní Sátidé tó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ Ayọ̀kúnlé tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ dé. Ọmọ náà ti di ará Èkó, kò sọ pé “ulé” bíi tiwa mọ́, “ilé” ló ń sọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá mi níbi tí mo ti ń se iṣu. Ó ní o fẹ́ ta mọ́tò náà, ẹni tó fẹ́ rà á sì ní òun kò ra mọ́tò tí kò ní ẹ̀yìn, kí a gbé ìjókòó náà fún Ayọ̀kúnlé, kí ó fi í sínú lọ́rì ní Fájuyì. Mo ní ìjókòó wo, ìpín wa? Ayọ̀kúnlé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kò sí ìpín kankan, pé o tú u nítorí pé ó wúwo ni, pé mọ́tò tó bá gbé ẹ̀yìn dání kò lè gba ipò kìn-ín-ní. O kàn gbé e síbí nítorí kò sí àyè ní yàrá rẹ ni.

Mo ní kó wá gbé e. Ó tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Bàbá rẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Bàbá Olúfúnṣọ́ wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń ti Ìgèdè bọ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ayọ̀kúnlé. Bàbá rẹ rí i, ó pè é, ó béèrè pé iṣẹ́ wo ni o rán an. Ayọ̀kúnlé wo ojú mi. Kí ó tó la ẹnu, mo ti bá a jíṣẹ́ náà: mo ní o ní kó wá wò ó bóyá ìpín náà bá bàbá rẹ lára mu. Inú bàbá rẹ dùn, ó ṣí fìlà, ó gbàdúrà fún ọ títí iṣu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ayọ̀kúnlé dorí kodò, ó ń ṣe àmín. Ó jẹ iyán, ó sì lọ lọ́wọ́ òfo. Má bá a jà, èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ yẹn, ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, ṣùgbọ́n mo mọ díẹ̀ nípa ẹrù àti eré. Nígbà tí o wà ní kékeré, gìrì mú ọ lọ́jọ́ òjò kan tí lọ́rì kankan kò kọjá. Mo pọ̀n ọ́, mo sáré láti ibí dé ọsibítù ní Adó. O kò fúyẹ́ o, ọmọ tó sanra ni ọ́, ara rẹ sì gbóná lẹ́yìn mi. Kò sí ẹni tó sọ fún mi lójú ọ̀nà pé bí mo bá tú ọ̀já, tí mo gbé ọ kalẹ̀, màá fúyẹ́, màá sì tètè dé. Bóyá nítorí mi ò kàwé ni.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo wí. Bí o bá fẹ́ ìjókòó náà, gbé mọ́tò rẹ wá fúnra rẹ, mú sípánà dání. Dè é padà síbi tí o ti tú u, gbé bàbá rẹ sí i, gbé e la Ìyìn já dé Fájuyì, kí o rọra wà á, kí ayé rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé kì í ṣe tirẹ̀. Bí o kò bá ráyè wá, kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ojú bàbá rẹ kò ríran kàwé mọ́, èmi ni màá kà á fún un, mo sì mọ bí màá ṣe kà á.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra òróró orúnkún, kí n sì ra aṣọ tí màá fi bo ìpín náà, nítorí ọmọ ewúrẹ́ tó ń tiro ti ń lá a. Ará ilé gbogbo kí ọ.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ lójú ọ̀nà, kò ní jẹ́ kí o sáré bá ibi. Á fún ọ ní ọmọ tìrẹ. Ọmọ náà á dàgbà, á ra mọ́tò tó tóbi ju tìrẹ lọ, kò sì ní tú ẹ̀yìn rẹ̀. Àmín.

Èmi ni màmá rẹ tó pọ̀n ọ́.